Títún fọ́tò ìrìn ẹsẹ̀ wa tò, láti Odò Ọbà dé Ọ̀yọ́-Ilé

Ìparí Nòfẹ́ńbà 2024

Ọyẹ́ wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́ àná. Láàárọ̀ yìí ètè mi ti gbẹ, eruku sì ti tẹ́ sórí tábìlì tí mo nù ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti pé oṣù méjì tí mo ti ń retí rẹ̀, torí iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe kò gba òjò. Mo fẹ́ yọ àwọn fọ́tò àtijọ́ kúrò nínú álíbọ́ọ̀mù. Bí afẹ́fẹ́ bá lọ́rinrin, ojú fọ́tò á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó bò ó, téèyàn bá sì ṣí ọ̀rá, àwòrán á bá a lọ.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ rin ìrìn tó wà nínú àwọn fọ́tò náà, láti 1986 títí di 1994. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nígbà náà. Òun ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ àgbẹ̀, ó ń gun alùpùpù kiri abúlé láti fi ìlò ajílẹ̀ àti irúgbìn tuntun han àwọn àgbẹ̀, kò sì sí ọ̀nà oko tí kò mọ̀. Bó bá ti di Disẹ́ńbà, tí ilé ìwé ti padé, òun náà á gba ìsinmi. A ó wọ mọ́tò dé ibì kan, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó máa fẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé fún ọjọ́ méjì, ìgbà mìíràn mẹ́ta. Ilé àwọn àgbẹ̀ tó mọ̀ la máa ń sùn. Òun ló ni kámẹ́rà, Yashica kan tó máa ń gbé kọ́ ọrùn lábẹ́ ẹ̀wù kí eruku má bà á wọlé.

Ọ̀yọ́ ló ń gbé báyìí, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Lọ́dún tó kọjá dókítà sọ pé glaucoma ló ń jẹ ojú rẹ̀. Àìsàn yìí sábà máa ń ti ẹ̀gbẹ́ jẹ wọlé, títí ohun téèyàn ń rí á fi dà bí ìgbà tó ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Èyí tó bá ti lọ kò ṣeé dá padà, èyí tó kù ni wọ́n ń fi oògùn ṣọ́. Nígbà tí mo lọ kí i ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ó ní, "Gbé àwọn fọ́tò wa wá, kí n wò wọ́n nígbà tí mo ṣì lè wò wọ́n."

Mo gbé álíbọ́ọ̀mù kan lọ. Kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn fọ́tò náà ti pupa, wọ́n kéré, ọ̀rá orí wọn sì ń dán sí i lójú. Ó kàn ń fọwọ́ pa ojú ewé náà, kò sọ̀rọ̀. Mo gbé álíbọ́ọ̀mù padà sílé, mi ò sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, torí mo mọ̀ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ọjọ́ kejì Disẹ́ńbà

Mẹ́rin ni álíbọ́ọ̀mù. Irú èyí tí gbogbo ilé ń lò nígbà yẹn ni: páálí tó ní gọ́ọ̀mù lójú, àti ọ̀rá téèyàn máa ń ṣí, tó sì máa ń dà padà lé fọ́tò. A rò pé ìtọ́jú ni à ń tọ́jú wọn. Gọ́ọ̀mù náà ti di yẹ́lò, ó ti le bí oje igi, ó sì ti di ẹ̀yìn gbogbo fọ́tò mú pinpin.

Mo mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kàn ni ti ìyá àgbàlagbà kan ní Odò Ọbà, tó fi igbá bu omi fún wa ní 1987. Mo ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ rẹ̀, mo ń tì í díẹ̀díẹ̀. Ó ń lọ dáadáa títí ó fi dé àárín, ló bá ya. Ojú ìyá náà kù sórí gọ́ọ̀mù. Mo pa álíbọ́ọ̀mù dé, mi ò ṣe nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Òun nìkan ni fọ́tò ìyá yẹn tí a ní, mi ò sì rò pé ó ní òmíràn níbikíbi.

Ọjọ́ kẹrin sí ìkẹsàn-án

Òwú ìpẹja ló ṣiṣẹ́, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ nínú ọjà. Ẹ mọ bí àwọn ìyá tó ń ta ẹyin bíbọ̀ ṣe máa ń fi òwú la ẹyin sí méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ fi ìka méjèèjì na òwú náà le, ẹ tì í bọ abẹ́ igun fọ́tò, ẹ sì máa fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn gé igi, kí òwú gé gọ́ọ̀mù, kó má kan bébà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà ni fọ́tò kan ń gbà. Èyí tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Mo ní mọ́kàndínlógún tó kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rá nìkan ni mo ká kúrò lójú wọn, mo sì ya àwòrán wọn níbi tí wọ́n wà lórí páálí.

Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní LAUTECH béèrè ìdí tí gbogbo wọn fi pupa. Àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa ń tò léra láti fi ṣe fọ́tò aláwọ̀: ọ̀kan dà bí aró tó mọ́lẹ̀, ọ̀kan bí òdòdó pupa, ọ̀kan jẹ́ yẹ́lò. Nínú òkùnkùn àti ooru, lórí ọ̀pọ̀ bébà ìgbà yẹn, èyí tó dà bí aró ló kọ́kọ́ ń ṣá. Bó bá ti lọ, pupa ló máa ń borí. Ó ní, "Nígbà náà, Dádì, pápá inú fọ́tò yìí kì í ṣe pápá tó jó?" Mo ní rárá, ewéko tútù ni. Mo wò ó títí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èmi náà ti gbà pé pápá tó jó ni.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí n sọ níbí. Ìyá wa ló to àwọn álíbọ́ọ̀mù náà. Fọ́tò tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń fi síwájú, èyí tí ojú wa bá mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi sáàárín ewé. Èmi ni mo wá kọ orúkọ ibi àti ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní 1996. Láti inú orí ni mo ti kọ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá Disẹ́ńbà: agolo bisikíìtì

Fọ́tò ìyá Odò Ọbà tó ya ló rán mi lọ wá nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi tẹ àwọn fọ́tò náà. Inú agolo bisikíìtì ni wọ́n wà, nínú ọ̀rá pélébé tí ilé ìfọ́tò fi kó wọn fún wa. Ọ̀já mọ́kànléláàádọ́rin ni mo kà, ojú mẹ́fà lórí ọ̀já kọ̀ọ̀kan (ojú kan ni àwòrán kan), ìyẹn 426 lápapọ̀. Ní ìṣirò mi, fíìmù mẹ́rìnlá la yà láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ojú mẹ́rìndínlógójì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀já mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló yẹ kó wà. Mẹ́tàlá ti sọnù.

Mo gbé wọn sójú fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú kan kò ju mìlímítà 36 ní ìbú àti 24 ní gíga lọ, àmọ́ wọn kò pupa rárá. Àwọ̀ ọsàn tó wà lára wọn jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù, ó wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú òkùnkùn agolo yẹn ni wọ́n ti wà láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n hàn nílé ìnáwó, ẹnikẹ́ni kò fi ìka kàn wọ́n. Mo wá ìyá Odò Ọbà, mo sì rí i, pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, dúdú níbi tó yẹ kó funfun, funfun níbi tó yẹ kó dúdú.

Mẹ́jọ nínú àwọn ọ̀já náà ti bu, wọ́n ní funfun wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ lójú bíi ti búrẹ́dì tó pẹ́. Jẹ́látìn ni wọ́n fi ń ṣe ojú fíìmù, ara egungun àti awọ ẹran ni wọ́n sì ti ń rí jẹ́látìn, kò yani lẹ́nu pé ó bu. Ẹ má ṣe fi omi fọ èyí tó ti bu, ojú rẹ̀ lè wú kó sì yọ́. Mo lọ bá àwọn ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Tákìé, mo ra èròjà tí wọ́n fi ń fọ pátákó inú fóònù lọ́wọ́ wọn, isopropyl, èyí tí wọ́n kọ 99% sí lára. Èyí tó bá rẹlẹ̀ ní omi púpọ̀ nínú. Òwú tó mọ́ ni mo rẹ sínú rẹ̀, mo fi rọra nù wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò fi ha wọ́n. Méje là. Ẹyọ kan ti jẹ dé inú, òdodo rẹ̀ ni pé kò sí ohun téèyàn lè ṣe sí i mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì: pẹpẹ fóònù

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ọwọ́ di fóònù mú. Gbogbo àwòrán ló mì. Mo lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, mo sì ya ohun tí mo fẹ́ fún un sórí páálí: páákó ìsàlẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 sí 45, òpó kan tó ga ní 60, àti apá kan tó yọ síwájú ní 25, tó ní ihò níbi tí ojú kámẹ́rà fóònù máa gbà wo ìsàlẹ̀. Apá náà gbọ́dọ̀ lè gòkè kó sì sọ̀, bóòtì àti nọ́ọ̀tì olétí ló ń dì í mú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ló gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí lòun ń kàn gan-an. Mo ní ibi tí fóònù á ti máa bojú wolẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó kàn án gún régé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí bí apá yẹn bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdajì àwòrán á mọ́, ìdajì á ṣókùnkùn.

Ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Nẹ́gátíìfù gbọ́dọ̀ gba ìmọ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo ra iná pánẹ́ẹ̀lì onígun mẹ́rin, irú tí wọ́n ń kàn mọ́ sílìn, wáàtì 18, mo dojú rẹ̀ sókè lórí páákó ìsàlẹ̀. Mo gé ihò tó ṣe déédéé ojú fíìmù kan sára páálí bàtà, mo kun páálí náà ní dúdú kí ìmọ́lẹ̀ má baà ti ẹ̀gbẹ́ yọ, mo sì gbé e ga sí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lókè iná. Gíga yẹn ṣe pàtàkì. Nígbà tí mo gbé nẹ́gátíìfù lé iná gan-an, gbogbo ẹ̀gbin àti ìlà tó wà lára pánẹ́ẹ̀lì ló wọ inú àwòrán. Fóònù mi kò ríran dáadáa nítòsí bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo ra gíláàsì kékeré tó ń mú nǹkan tóbi, èyí tí wọ́n ń kì mọ́ ojú kámẹ́rà.

Àwòrán àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ìlà dúdú-funfun-dúdú-funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí aṣọ òfì. Mo rò pé fíìmù ló bàjẹ́. Ọmọ mi ló rí ìdí rẹ̀: iná náà ń ṣẹ́jú. Iná ìjọba wa ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iná LED olówó pọ́ọ́kú sì ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Ojú wa kò rí i, fóònù rí i. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kéèyàn wọ ibi tí fóònù ti ń jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò, kó sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là fún ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá, kí ṣíṣẹ́jú iná náà lè wọlé ní ìgbà méjì odidi. Ìlà náà pòórá. ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, a fi í sí 100. Fáìlì, a yan RAW, kí fóònù má baà fi ọgbọ́n tirẹ̀ tún nǹkan ṣe. Àti bọ́tìnì ohùn tó wà lára okùn etí, òun ni a fi ń ya àwòrán, kí ọwọ́ má kan fóònù rárá.

Lẹ́yìn ọdún tuntun

Ọyẹ́ tí mo ń yìn ní ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ló tún ń bá mi jà. Ó gbẹ fọ́tò fún mi, ó sì da eruku lé nẹ́gátíìfù. Ẹyọ eruku kan lórí ojú tó kéré tó bẹ́ẹ̀, bí a bá fẹ̀ ẹ́ sójú tẹlifíṣọ̀n, ó máa tó hóró àgbàdo. Báyìí, aago márùn-ún ìdájí ni mo ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó máa rìn káàkiri. Mo ti máa ń fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ lálẹ́. Mo sì ra rọ́bà tí àwọn abiyamọ fi ń fa ikun imú ọmọ, òun ni mo fi ń fẹ́ ojú fíìmù kí n tó ya á. Ẹnu kò dára fún un, itọ́ wà nínú èémí.

Yíyí àwọ̀ padà, iṣẹ́ ọmọ mi nìyẹn. darktable ló ń lò, ọ̀fẹ́ ni, ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ negadoctor tí wọ́n ṣe fún nẹ́gátíìfù. Á kọ́kọ́ tọ́ka sí àlàfo tó wà láàárín ojú kan àti èkejì, níbi tí kò sí àwòrán, kí kọ̀ǹpútà mọ bí àwọ̀ ọsàn yẹn ṣe rí gan-an, kó lè yọ ọ́ kúrò. Èmi jókòó tì í. Nígbà tí ìyá Odò Ọbà yọ sójú láptọ́ọ̀pù, pẹ̀lú gèlè aláró rẹ̀, tí omi inú igbá sì ń tan ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán padà, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ní, "Dádì, ta ni?" Mo ní ẹni tó fún wa lómi ni.

Àárín Jánúárì: nọ́ńbà etí

Ibí ni iṣẹ́ náà ti yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Títí di ìgbà yìí, àwòrán ni mo rò pé mo ń gbà là.

Létí gbogbo fíìmù ni nọ́ńbà wà, ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: 1, 1A, 2, 2A, títí dé 36. Mo ń fi nọ́ńbà náà sọ orúkọ fáìlì lásán ni, kí wọ́n má dàrú. Ìgbà tí mo to fíìmù ìrìn Ìgbẹ́tì ti Jánúárì 1990 tán, mo rí fọ́tò kan níbi tí kò yẹ kó wà. Fọ́tò tí gbogbo ẹbí mọ̀ ni: ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí àpáta, ó ti bọ́ bàtà, ó di ẹsẹ̀ ọ̀tún mú. Nínú álíbọ́ọ̀mù mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé "Òkè Àdó, 1988." Ọgbọ̀n ọdún ni a ti ń sọ ìtàn náà bẹ́ẹ̀: bí ẹsẹ̀ Bọ̀ọ̀dá ṣe bó nígbà tí a ń gun òkè lọ sí adágún Ìyákè ní Àdó-Àwáyè. Ní báyìí àtẹ̀gùn tó lé ní 300 wà níbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá gùn ún ló ń ráhùn ẹsẹ̀, ìtàn náà sì bá ibẹ̀ mu wẹ́kú.

Àmọ́ ojú 15 ló wà. Ojú 14 ni Òkè Agbélé ní Ìgbẹ́tì, àpáta tí wọ́n ń sọ pé ó jọ obìnrin tó pọn ọmọ. Ojú 16 ni òkìtì òkúta mábù funfun létí ọ̀nà, Ìgbẹ́tì náà ni. Ọ̀já kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, ẹnikẹ́ni kò gé e. Kò sí bí ọkùnrin ṣe máa fi Ìgbẹ́tì sílẹ̀ láàárín ojú 14 àti 16, kó lọ bọ́ bàtà ní Àdó, kó sì padà.

Mo pa iṣẹ́ yòókù tì. Mo yọ gbogbo fíìmù tó ti pé, mo tò wọ́n ní nọ́ńbà, mo sì gbé ohun tí mo kọ ní 1996 sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mọ́kànlélógójì ni mo ṣì kọ. Ìyá wa fi ẹwà tò wọ́n, èmi fi ìrántí kọ orúkọ wọn, nẹ́gátíìfù nìkan ló to wọ́n bí ẹsẹ̀ wa ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Mo rí ibi tí a ti yà kúrò lójú ọ̀nà Ìkọ̀yí-Ilé. Mo rí i pé lábẹ́ igi emì la ti jẹ ẹ̀kọ kí a tó kọjá odò, pé òjìji wa wà lápá òsì nínú ojú 7, ó sì ti kúrú gan-an ní ojú 11, tó túmọ̀ sí pé ọ̀sán ti ń kan orí. Mo gbé máàpù tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ jáde, mo fi pẹ́ńsùlù fa ọ̀nà náà. Ó gba inú abúlé tí mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá máa ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gé ọ̀já nẹ́gátíìfù sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Bí fọ́tò bá jó tán, ọ̀já yẹn ṣì lè sọ ọ̀nà.

Ọjọ́ karùn-ún Fẹ́búárì, Ọ̀yọ́

Mo gbé láptọ́ọ̀pù àti okùn HDMI lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ dáadáa, íǹṣì 43. Mo ti rò ó pé bí àwòrán bá ti tóbi, tí mo sì gbé àga wọn sún mọ́ ọn, wọn á rí i. Mo gbé wọn jókòó níwájú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ kan ni mò ń rí. Ẹsẹ̀ ta ni?"

Mo ti ṣe é lódì. Ẹni tó ń wo ayé láti inú ihò kékeré, bí ohun bá ti tóbi tó sì sún mọ́ ọn, díẹ̀ ló máa rí nínú rẹ̀. Mo fa àga sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri, ó tó mítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Mo yọ àwọ̀ kúrò nínú àwòrán, mo jẹ́ kí dúdú dúdú gan-an, kí funfun sì funfun. Mo ti fèrèsé. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Èmi nìyẹn. Mo bọ́ bàtà."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, níbo ni?"

"Àdó ni. Ẹsẹ̀ mi bó."

Mi ò jà wọ́n níyàn. Mo padà sí ojú 1, mo sì ń gbé e lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ nídàájí, Ìkọ̀yí-Ilé, igi emì, odò, abúlé tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n pe orúkọ abúlé náà kí n tó béèrè. Wọ́n dárúkọ ẹni tó gbà wá sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n dárúkọ ajá rẹ̀. Agbélé dé, wọ́n ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ìyá ọlọ́mọ." Nígbà tí ojú 15 tún yọ, wọ́n fi ọwọ́ lu itan.

"Ìgbẹ́tì ni! Ìyàwó ọkùnrin yẹn ló fi òrí pa ẹsẹ̀ mi lálẹ́. Ó yọ́ ọ nínú àwo, ó gbóná, ó ní kí n má pariwo, àwọn ọmọ ń sùn."

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ òrí yẹn rí láti 1990. Kò sí nínú ìtàn tí a ń sọ. Bóyá torí pé a ti gbé ẹsẹ̀ náà lọ sí Àdó ni, tí òrí sì kù sí Ìgbẹ́tì, tí kò rí ibi tó máa bá a pàdé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò fi ẹyọ fọ́tò kan hàn wọ́n mọ́. Fíìmù odidi ni, láti 1 lọ.

Fẹ́búárì, ìtọ́jú fáìlì

Kúkúrú ni èyí. Ọdún ló ń ṣáájú orúkọ fáìlì, lẹ́yìn náà oṣù, ibi, nọ́ńbà etí: 1990-01_Igbeti_15. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á ṣe máa tò wọ́n fúnra rẹ̀. Àlàyé wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀, digiKam la fi kọ ọ́, kó má baà sọnù bí ẹnikẹ́ni bá yí orúkọ fáìlì padà. RAW kọ̀ọ̀kan tó MB 25, gbogbo 426 kò tó GB 11, ààyè ọ̀fẹ́ Google tó jẹ́ GB 15 sì gbà wọ́n. Ẹ̀dà kejì wà nínú háàdì dísíìkì lọ́dọ̀ mi, ẹ̀kẹta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀yọ́. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, á sún un kì, gbogbo wàhálà eruku tí a ṣe á sì di asán. Àwọn nẹ́gátíìfù fúnra wọn, inú bébà tí kò ní ásíìdì ni wọ́n wà báyìí. Mo ti ju agolo bisikíìtì nù, ó ti ń dípẹtà.

Ìparí Fẹ́búárì: ọ̀já kẹrin

Ó ku fíìmù Ọ̀yọ́-Ilé, Disẹ́ńbà 1993. Ìrìn yẹn yàtọ̀. Láti 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ igbó tó yí i ká di ọgbà ìpamọ́ ẹranko, Ọ̀yọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ la sì ti gba ìwé kí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn tó mú wa wọlé. Ìlú tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1830, tí Aláàfin Àtìbà sì wá tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó, a fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara wa tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ fìlà nígbà tí a dé ẹnu yàrà. Mo rántí ìyẹn láìwo fọ́tò.

Ojú 18 ni ẹ̀ṣọ́ ń nawọ́ sí ohun kan níwájú. Ojú 25, a ti padà dé Ìgbẹ́tì, a wà nínú mọ́tò. Ọ̀já kẹrin, ojú 19 sí 24, wà lára mẹ́tàlá tó sọnù. Kò sí fọ́tò kankan láti inú rẹ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù pẹ̀lú. Bóyá ilé ìfọ́tò kò dá a padà, bóyá àwa la sọ ọ́ nù. Ìlú náà gan-an ló wà lórí ọ̀já yẹn.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Gbé 18 sílẹ̀ kí n máa wò ó." Mo gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni mo wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Mo mọ ohun tí mo yà." Mo ṣí fáìlì mẹ́fà tí kò ní àwòrán, mo sọ wọ́n lórúkọ bíi ti àwọn yòókù, 1993-12_OyoIle_19 títí dé 24, mo sì ń kọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́:

19: Ìwọ lórí ìyókù odi. Koríko bò ọ́ dé àyà, orí rẹ nìkan ló yọ dáadáa. Mo ní kí o rẹ́rìn-ín, o kọ̀.

20: Àpáàdì nínú àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ṣọ́. Ó ní ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ lára. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ mú un lọ, ó dá a padà síbi tó ti ṣà á.

21: Àpáta tó ní ihò ọlọ. Mo sún mọ́ ọn kí ihò náà lè hàn. Òjìji fìlà mi wọ inú rẹ̀.

22: Igi oṣè. Kò gba inú kámẹ́rà, mo sún sẹ́yìn títí mo fi ṣubú. Ìdí rẹ̀ nìkan ni mo rí yà.

23: Èmi. Ìwọ lo yà á. Mo mú fìlà lọ́wọ́.

24:

Wọ́n ronú pẹ́ lórí ìyẹn. Mo ní bóyá odò ni, bóyá ẹ̀ṣọ́ nígbà tó ń jẹun. Wọ́n mi orí. "Mi ò rántí 24. Má fi nǹkan kan síbẹ̀." Mo fi fáìlì náà pamọ́ bẹ́ẹ̀, ó wà láàárín 23 àti 25.